Ọ̀kùn Gba Ojú Irin Kọjá

Súlíyá ló kọ́kọ́ bi mí, bàtà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́:
"Bàbá, kí la fẹ́ lọ rà?"
Mo ní a ò ra nǹkan kan.
"Ta la fẹ́ lọ kí?"
Mo ní ẹnikẹ́ni tá a bá ṣáà pàdé.
Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo òkè àjà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, Sátidé gidi,
mo fi ṣòkòtò oníbàárà mẹ́ta sílẹ̀ láìká etí,
a gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ rélùweè,
èmi, Súlíyá, Àkànjí àbúrò rẹ̀,
àti Ọ̀ṣúnbùnmi, ọmọ ilé kejì,
tí ẹnikẹ́ni ò pè, tó ṣáà ti wọ bàtà.

Òjò àná ti fọ Òṣogbo mọ́.
Òórùn ilẹ̀ ń gòkè bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò.
Imí-ẹṣú ti tanná láàárín òkúta wẹ́wẹ́,
irin méjèèjì sì pọ́n bí epo tó dì,
nítorí ohun tó ń gùn wọ́n lójoojúmọ́ báyìí
kò ju ewúrẹ́ àti alángbá lọ.

Patanmọ́ wà létí kòtò.
Àkànjí fi ìka kàn án, ó pa itan mọ́.
Ó fẹ́ kó tún tètè là,
ó jókòó tì í bí ẹni tó ń retí omi tó fẹ́ hó.
"Ṣé ó ń bínú ni?" Mo ní ojú ló ń tì í.
Ọ̀ṣúnbùnmi ní irọ́ ni, ó ń díbọ́n ni,
bíi Súlíyá nígbà tí wọ́n bá ní kó wá fọ abọ́.

Ẹ̀rín yẹn lé lékeléke mẹ́fà nílẹ̀.
Gbogbo èékánná dìde lẹ́ẹ̀kan náà,
èmi náà na tèmi, tí abẹ́rẹ́ ti gún tán.
Bí wọ́n bá fún mi ní funfun, ṣé n ó kọ̀ ọ́ ni?

Ìgbà yẹn ni ọ̀kùn yọ lábẹ́ ejìnrìn,
ó dúdú, ó gùn ju ìka àárín mi lọ,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rú bí omi tí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn.
Ó dojú kọ irin. Kò wọ̀tún, kò wòsì.
"Rélùweè ni!" Àkànjí fi igbe ta.
"Ẹ dúró! Rélùweè fẹ́ kọjá!"

Bàbá mi ló ń ti géètì rélùweè nígbà kan,
kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé.
Àsíá méjì ló máa ń há sí abíyá, pupa àti àwọ̀ ewé,
ológèdè tó ru agbọ̀n, olówó inú mọ́tò,
gbogbo wọn a dúró, wọn a máa wojú rẹ̀.
N kò mọ ọdún tí mo ti rántí ìyẹn gbẹ̀yìn.
Mo já ewé kókò kan, mo gbé e sókè.
Àwọn ọmọ tò sẹ́yìn mi.
Wọ́n ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dà rú mọ́ wọn lójú ní ogójì,
wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení.
Ẹ̀gà ń jà lórí ọ̀pẹ. Ó pẹ́.
Ó pẹ́ gan-an ni.
Ọlọ́kadà kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní ṣé nǹkan wa sọ nù ni.
"Rélùweè là ń dúró dè," Súlíyá dá a lóhùn,
ọmọ tó ní kí la fẹ́ lọ rà.

Ìgbà tí ìrù ọ̀kùn wọ koríko tán
ni mo tó sọ ewé kókò kalẹ̀.

"Kí lẹ rà bọ̀?" ni ìyá wọn wí lẹ́nu ọ̀nà.
Àkànjí la ọwọ́: ìkarahun ìgbín, onílé ti kó lọ.
Ọ̀ṣúnbùnmi ní rélùweè kọjá.
"Rélùweè wo? Lónìí?"
Súlíyá wò mí. Mo wo òkè àjà.
Oje ejìnrìn ti ta sí gbogbo ọrùn aṣọ rẹ̀,
aṣọ tí mo rán níjẹrin,
èmi náà ni n ó sì fọ̀ ọ́.